Orí Keje: Oyún Tí Kò Dúró

Ìtọ́jú àti ìmọ̀ràn ní ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́

Yorùbá ní, "Oyún ẹ̀ bàjẹ́." Kò sí ẹni tó ṣe é nínú gbólóhùn yẹn. Yorùbá tún ní, "Ó ṣẹ́yún." Ẹnì kan ṣe é níbí, a sì ti mọ ẹni náà. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ó ṣòro kí èèyàn mẹ́nu ba ọ̀ràn yìí kó má ti dá ẹjọ́ kó tó parí gbólóhùn. Ìdí nìyẹn tí a fi yan "oyún tí kò dúró" fún orí yìí. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìtọ́jú tó nílò kò yí padà, yálà oyún náà fúnra rẹ̀ ló wálẹ̀ tàbí ó lo nǹkan. Bí ohun tó wà nínú ilé ọmọ kò bá jáde tán, ilé ọmọ ò ní lè sún kì, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dá. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, kòkòrò á wọ̀ ọ́. Ilé ọmọ kì í bèèrè ẹni tó jẹ̀bi.

Àwa tí a wọṣọ funfun la máa ń bèèrè.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wọlé lóru. Ìró méjì ló ró mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ sì ti la èkejì já. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò tíì dìde lórí àga tó ti pariwo láti ẹ̀yìn tábìlì pé, "Ta ló fún ẹ lóyún? Ta ló sì bá ẹ ṣẹ́ ẹ?" Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yíjú síbẹ̀. Ọmọ náà ní òun ṣubú nílé ìwẹ̀ ni. Kò yẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́, a sì kọ ọ́ sínú fáìlì bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́fà la fi tọ́jú ìṣubú nílé ìwẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná kọjá 39, tí ikùn rẹ̀ le bíi pákó, ló tó fọwọ́ fà mí mọ́ra tó sọ fún mi létí pé wọ́n ki nǹkan bọ òun lábẹ́. Ó yè é, àmọ́ wákàtí mẹ́fà yẹn kò yẹ kó sọnù. Ìbéèrè kan ló jẹ ẹ́.

Ìbéèrè tó wúlò fún ìtọ́jú ni "Kí lẹ lò?" Ẹni tó gbé kán-ún tí wọ́n pò mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí búlúù tí a fi ń fọ aṣọ mu, kíndìnrín rẹ̀ la ó máa ṣọ́, a ó sì máa wọn ìtọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ki igi ẹ̀gẹ́, ìgbálẹ̀ tàbí irin bọ̀ lábẹ́, ó ṣeé ṣe kí ilé ọmọ tàbí ìfun rẹ̀ ti lu, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì sì di dandan. Ẹni tó lo misoprostol, ó lè jẹ́ pé oògùn náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì ju bó ṣe yẹ lọ. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, fáìlì tí wọ́n bá kọ "ó ṣubú" sí kò lè fi ọ̀kan nínú wọn hàn yín.

Báwo la ṣe ń bèèrè rẹ̀? Ẹ sọ ìdí kẹ́ ẹ tó bèèrè. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Orúkọ mi ni Nọ́ọ̀sì Báyìí. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún mi, ìtọ́jú yín la fẹ́ fi ṣe, kò ní dé etí ẹni tó tẹ̀ lé yín wá. Àwọn kan máa ń ti lo oògùn tàbí àgbo kí wọ́n tó wá síbí. Ṣé ẹ lo nǹkan kan, kí n lè mọ èyí tí kò yẹ kí n fún yín?" Ẹ kíyè sí i pé kò sí "ṣẹ́" nínú rẹ̀ rárá. Ẹ tún kíyè sí "ẹ" tí a ń lò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé ṣé òun á máa pe ọmọ ọdún 17 ní "ẹ̀yin" ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n ti ń sọ "ìwọ" sí láti òwúrọ̀, nílé, nínú ọkọ̀, lẹ́nu géètì, "ẹ" kan ṣoṣo tó bá gbọ́ lẹ́nu yín lè ṣí i lẹ́nu.

Ẹni tó tẹ̀ lé e wá náà ń kọ́? Ó lè jẹ́ ọkọ, ọ̀rẹ́, tàbí ìyá ọkọ. Ẹ má lé wọn bí adìẹ. "Ẹ kú ìrọ́jú o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jókòó síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a fẹ́ yẹ ìyàwó yín wò." Òótọ́ ni, ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí yàrá, ẹ fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká, kẹ́ ẹ sì rẹ ohùn yín sílẹ̀, torí aṣọ kì í dí ọ̀rọ̀ lọ́nà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a sọ lókè yìí ń dúró de ara tó bá ti ń kú lọ. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lápá òkè kò bá tó 90, tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí òógùn tútù ń bò ó, ẹ má jókòó ti fọ́ọ̀mù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ fún un ní ọ́síjìn, ẹ fa omi sí i lára láti apá méjèèjì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó fẹ̀, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ìdánwò àti fún wíwá irú ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu, kẹ́ ẹ sì ránṣẹ́ pe dókítà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí nǹkan tó ń jáde bá ń rùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò láti inú iṣan kí wọ́n tó nu ilé ọmọ. Ẹ má dúró de èsì láàbù.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 ti sọ ọ́ ní abala 20: ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san owó ìtanràn ₦100,000 tàbí kó lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n, tàbí kó jẹ méjèèjì. Ẹ há èyí sórí. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ló rò pé àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí oyún ṣe wálẹ̀ kí àwọn tó fọwọ́ kàn án. Abala 26 òfin kan náà ló sì sọ pé ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn, ìtọ́jú rẹ̀, àti pé ó tilẹ̀ wà nílé ìwòsàn, àṣírí ni.

Kíka ọ̀sẹ̀

Ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tó rí kẹ́yìn la ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó rò pé òun lóyún. Ọ̀pọ̀ kì í rántí ọjọ́. Ẹ má ti kàlẹ́ńdà sí i níwájú. Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láyìíká rẹ̀: ṣé kí Iléyá tó dé ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ ti wọlé ilé ẹ̀kọ́? Ṣé wọ́n ti gba owó oṣù? Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ wọn bí ilé ọmọ ti tóbi tó. Sikáànù dára tó bá wà, pàápàá tí ìṣirò àti ọwọ́ kò bá bára mu, ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ kì í ṣe ìdí láti dá ìtọ́jú dúró.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbójú fò. Bí ìrora bá wà lápá kan ikùn, tí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde kéré, tí òòyì sì ń kọ́ ọ ju bí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí lọ, ẹ ro oyún tó dúró sí òde ilé ọmọ, nínú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà. Misoprostol kò lè wò ó, fífa inú ilé ọmọ kò lè yọ ọ́. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni, kíákíá.

Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ àti oògùn

Fún ilé ọmọ tí kò tíì tó ti ọ̀sẹ̀ 13, ọ̀nà méjì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí láti mú ohun tó ṣẹ́ kù jáde. Àwọn àgbà wọ́ọ̀dù ṣì ń pe gbogbo rẹ̀ ní "D and C", wọ́n á ní "wọ́n fọ inú fún un". Orúkọ ló kù. Irin ṣíbí tí wọ́n fi ń ha ilé ọmọ láyé ọjọ́sí, àjọ náà ti ní ká pa á tì: ó ń dunni jù, ó sì ń ṣèpalára jù.

Ọ̀nà kìíní ni MVA, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí a fi ń fa inú ilé ọmọ. Sírìnjì ńlá kan ni, tó ń gba nǹkan bí 60 mílílítà, tí a ń fi ọwọ́ fà kí afẹ́fẹ́ lè tán nínú rẹ̀. Kò nílò iná mànàmáná, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílẹ̀ wa. Kánnúlà rírọ̀ tí a ń ki sí i lẹ́nu bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ Harvey Karman ní California, ọkùnrin tí kì í ṣe dókítà rárá. Ìwọ̀n kánnúlà ní mìlímítà sún mọ́ iye ọ̀sẹ̀ oyún: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kánnúlà 8 tàbí èyí tó súnmọ́ ọn. Fún ìrora, ẹ fún un ní ibuprofen ṣáájú, kí oníṣẹ́ sì fún un ní abẹ́rẹ́ lidocaine yí ẹnu ilé ọmọ ká. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ ìrora yìí bí ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ rí kí wọ́n sọ pé, "Jẹ́ kó dùn ún, kó lè gbọ́n lọ́jọ́ mìíràn." Ẹni tó bá sọ ọ́ níwájú yín, ẹ má rẹ́rìn-ín sí i.

Ọmọ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Ẹ máa mọ̀ pé ó parí nígbà tí fóòmù pupa tó mọ́lẹ̀ bá ń jáde láìsí ẹran nínú rẹ̀, tí ara ilé ọmọ á máa rí hẹrẹhẹrẹ lẹ́nu kánnúlà bí ìdí ìkòkò tí iyọ̀ há mọ́, tí ilé ọmọ á sì di kánnúlà mú. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí àwọn tó ń kánjú máa ń fò. Ẹ fi omi ṣan ohun tó jáde nínú asẹ́, ẹ dà á sínú àwo gíláàsì tó ní omi mímọ́, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Ara oyún máa ń léfòó, ó funfun, ó sì ní irun wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ bí òwú tí a ya sínú omi. Ẹ̀jẹ̀ dídì kì í rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń rì ni. Bí ẹ kò bá rí òwú yìí, ó lè jẹ́ pé oyún ṣì wà níbẹ̀, tàbí ó ti jáde kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, tàbí òde ilé ọmọ ló wà. Ẹ má jẹ́ kó lọ sílé láìmọ èyí tó jẹ́.

Ọ̀nà kejì ni misoprostol: 600 máíkírógíráàmù ní mímu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí 400 lábẹ́ ahọ́n, fún oyún tó ti wálẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò jáde tán. Oògùn ọgbẹ́ inú ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tó dé orí àtẹ ní Bràsíl ní 1986, ìkìlọ̀ wà lára rẹ̀ pé kí aláboyún má lò ó. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ka ìkìlọ̀ náà, ó sì yé wọn lọ́nà tí ilé iṣẹ́ oògùn kò rò. Àwọn dókítà Bràsíl ló wá ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń dé wọ́ọ̀dù pẹ̀lú ikùn jíjẹrà ti dín kù. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ yìí ti wọ inú ìwé. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé inú á lọ́ ọ, pé òtútù lè mú un, pé ìgbẹ́ gbuuru lè wà fún wákàtí díẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ kì í sáré padà wá lóru.

Níbi tí MVA bá ti ń lọ lọ́wọ́, kí ẹnì kan jókòó síbi orí rẹ̀. Iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ìrànwọ́ lásán. "Ẹ máa gbọ́ ohun tútù báyìí. Inú á fún yín díẹ̀, ẹ mí sínú, ẹ rọra mí síta. Ó ti kù díẹ̀." Ọwọ́ tó di ọwọ́ mú àti ohùn tí kò dákẹ́ máa ń dín oògùn ìrora tí a óò lò kù.

Ohun tí òfin sọ

Ní gúúsù Nàìjíríà, Criminal Code ni: abala 228 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé ẹni tó bá ṣẹ́yún fún obìnrin, abala 229 fi ọdún 7 lé obìnrin náà fúnra rẹ̀, abala 230 sì fi ọdún 3 lé ẹni tó bá pèsè oògùn tàbí irin. Abala 297 ló ṣí ilẹ̀kùn kékeré: iṣẹ́ abẹ tí a fi òótọ́ inú ṣe láti gba ẹ̀mí ìyá là. Ilé ẹjọ́ London ti túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1938 nínú ẹjọ́ dókítà Aleck Bourne, tó tọ́jú ọmọ ọdún 14 tí àwọn ọmọ ogun fipá bá lò pọ̀. Wọ́n ní ẹ̀mí kò yàtọ̀ gédégédé sí ìlera ara àti ọpọlọ. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 fi ìlera ara ìyá kún un kedere. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde ní 2018 lórí bí a ṣe ń ṣe é níbi tí òfin bá gbà á. Èkó gbé tirẹ̀ jáde ní oṣù kẹfà 2022, gómìnà sì dá a dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ariwo àwọn ẹlẹ́sìn.

Bí a bá rékọjá ààlà lọ sí Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́, èdè ò yí padà, òfin ló yí. Ní oṣù kẹwàá 2021, àwọn aṣòfin Benin ní Àjàṣẹ́ gbà pé obìnrin lè bèèrè kí wọ́n yọ oyún títí di ọ̀sẹ̀ 12 bí oyún náà bá fẹ́ kó o sínú ìnira nípa ìgbé ayé, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ọkàn. Mínísítà ìlera wọn nígbà náà, Benjamin Hounkpatin, dókítà àwọn obìnrin fúnra rẹ̀, sọ pé nǹkan bí 200 obìnrin ló ń kú lọ́dọọdún níbẹ̀ látàrí oyún tí wọ́n ṣẹ́ lọ́nà tí kò dára.

Ìtọ́jú ẹni tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀ kò sí lára ohun tí òfin Nàìjíríà kà léèwọ̀. Àwọn olùwádìí fojú bu u pé ní 2012, oyún bíi mílíọ̀nù kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin mílíọ̀nù ni wọ́n ṣẹ́ ní Nàìjíríà. Obìnrin 212,000 ló gba ìtọ́jú fún wàhálà tó tẹ̀ lé e, nígbà tí nǹkan bí 285,000 mìíràn tí wàhálà tó le bá kò rí ìtọ́jú tí wọ́n nílò gbà. Àwọn tí kò rí ìtọ́jú yẹn ni kẹ́ ẹ máa rò nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pariwo mọ́ ẹni tó dé.

Kó tó lọ sílé

"Nọ́ọ̀sì, ṣé mo ṣì máa bímọ?" Bí kò bá bèèrè, ó ń rò ó. Àwọn àgbà ti sọ fún un pé ọmọ ní iye nínú obìnrin, pé ẹni tó bá da ọ̀kan nù ti ń dín wọn kù. Ẹ fún un lésì tó ṣe tààrà: ìtọ́jú tó mọ́, tí a ṣe dáadáa, kì í ba ilé ọmọ jẹ́. Ohun tó ń ba ọ̀nà ẹyin jẹ́ ni kòkòrò tí wọ́n kò tọ́jú lásìkò. Ẹ sì sọ apá kejì tí ó máa ń ya wọ́n lẹ́nu: oyún mìíràn lè dúró láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí nǹkan oṣù tiẹ̀ tó wá. Torí náà ọjọ́ yìí gan-an la ń sọ̀rọ̀ ìfètò sọ́mọ bíbí. Bí kòkòrò kò bá sí lára rẹ̀, wọ́n lè fi lúùpù sí i ní ọjọ́ kan náà. Ti apá, abẹ́rẹ́ àti oògùn mímu náà lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ owó ìdáǹdè. Ẹni tí ọmọ wù, tí oyún rẹ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má ti abẹ́rẹ́ sí i lápá.

Kí ó padà kíákíá bí ó bá rẹ pádì ńlá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan, fún wákàtí méjì léra, bí ibà bá dúró ju ọjọ́ kan lọ, bí ó bá ń rùn, bí inú bá ń dùn ún ju ti àtẹ̀yìnwá, tàbí tó dákú. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé tí kò ní orúkọ oyún lórí, torí ẹlòmíràn lè rí i nínú báàgì rẹ̀. Ìdánwò ìtọ̀ lè ṣì máa sọ pé oyún wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kó mọ̀, kó má baà ra oògùn mìíràn.

Nípa ọkàn, ẹ má fi ẹkún sí i lójú, ẹ má sì gbà á lójú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń sunkún tí ara sì tù ú, nínú wákàtí kan náà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Obìnrin ọmọ ọdún 19 kan dé pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá ń sọ̀rọ̀, òun kò sọ̀rọ̀. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 100 lórí 60, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 104, ara rẹ̀ gbóná dé 38.4. Màmá ní ó gbé omi tó wúwo ni.

(a) Kí lẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó bèèrè ohunkóhun?

(b) Kí lẹ máa sọ fún Màmá?

(d) Ẹ kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ fún ọmọbìnrin náà nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì, kẹ́ ẹ sì kà á sókè fún ẹni tó jókòó tì yín.